Ọwọ́ àbí pọ́ńpù, ife àbí fídà: ohun tí ìyá ìkókó lè yàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹni tó bá bímọ sí Ìjẹ̀bú Òde lónìí, kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ìmọ̀ràn á ti pọ̀ nílé ju aṣọ ọmọ lọ. Ìyá ọkọ á ní kó mu ẹ̀kọ gbígbóná dáadáa, ẹ̀gbọ́n tó wá láti Èkó á ní pọ́ńpù oníná ló kù tí ò rà, nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fọ́mọ lómi, aládùúgbò tó kàn yà wá kí wọn á sì ní ọmọ yìí ń ké torí omi ọmú ìyá ẹ̀ ò tó, ẹ po mílíìkì fún un jàre. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu, ìyá ọmọ tí ò tíì sùn ló sì máa yan èyí tó máa ṣe.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo fi wọn gbogbo ẹ̀ níbí: ṣé ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe yìí máa mú omi kúrò nínú ọmú, àbí á jẹ́ kó jókòó síbẹ̀? Torí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, bí wọ́n bá ṣe ń fà á ló ṣe ń sun, tó bá kún tẹ́nikẹ́ni ò fà á, ara á gbà pé wọn ò fẹ́ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ọmọ tuntun yẹ kó mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, òru wà níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá jẹ́ kí iye yẹn dínkù, tí ẹ ò sì fún omi náà jáde fúnra yín, ẹ fura sí i.

"Ó kéré" àti "kò tó"

Àwọn méjì yìí làwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ jù. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì yẹ́lò yẹn, kì í pọ̀ rárá. Ọmọ tí oṣù ẹ̀ pé, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ohun tó ń mu lẹ́ẹ̀kan jẹ́ bíi ml 2 sí 10, síbí tíì kan sì jẹ́ ml 5, ẹ ṣírò ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó lè di 5 sí 15, lọ́jọ́ kẹta 15 sí 30, lọ́jọ́ kẹrin 30 sí 60. Ẹni tó wá po mílíìkì 60 fún ọmọ ọjọ́ kan, oúnjẹ ọjọ́ kẹrin ló fún un yẹn, ọmọ á sùn lọ fọnfọn, àwọn ará ilé á ní "ẹ ò rí i, ebi ló ń pa á látàárọ̀", ọmú á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin tẹ́nikẹ́ni ò fà á. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Omi tó pọ̀ gan-an sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ẹni tí wọ́n ṣe CS fún, ẹni tó jẹ́ àkọ́bí ẹ̀, ẹni tẹ́jẹ̀ dà lára ẹ̀ púpọ̀, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tiwọn lè pẹ́ sí i díẹ̀, ẹ má torí ìyẹn sọ pé ọmú wọn ò dáa.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ ń rí mu, inú pámpáàsì ni kẹ́ ẹ wò. Ọjọ́ kìíní ó yẹ kó tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, ọjọ́ kejì ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ kẹta ẹ̀ẹ̀mẹta, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹfà ó yẹ kó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ dúdú tó máa ń lẹ̀ yẹn á yí sí àwọ̀ ewé, nígbà tó bá di nǹkan bí ọjọ́ kẹrin ìkarùn-ún ó yẹ kó ti yẹ́lò. Ọmọ á fọn díẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ò ṣe nǹkan, àmọ́ tó bá ti fẹ́ẹ́ tó ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i, kí nọ́ọ̀sì wò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì padà sí ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Torí náà tẹ́nì kan bá ní omi ọmú yín ò tó, ẹ bi í pé pámpáàsì mélòó ló bá yín tú látàárọ̀.

Ọwọ́ àbí pọ́ńpù

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ ló borí, mi ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀. Omi yẹ́lò yẹn ki, ó sì kéré, tẹ́ ẹ bá fi pọ́ńpù fà á, ara róbà àti ike ni púpọ̀ nínú ẹ̀ máa lẹ̀ mọ́, ẹ ó wá jókòó ẹ ó máa wo ìsàlẹ̀ ìgò tí ò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀rù á bà yín, ẹ̀rù yẹn gan-an tún lè jẹ́ kó pẹ́ kómi tó sọ̀. Ọwọ́ ò gbowó, kò gba iná, kò ní róbà tẹ́ ẹ máa sè.

Ẹ fọ ọwọ́ mọ́. Ẹ fi àtàńpàkò sókè ọmú, kẹ́ ẹ fi àwọn ìka tó kù sísàlẹ̀, kó jìnnà sí orí ọmú díẹ̀, ní etí ibi tó dúdú yẹn. Ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ wá fún un pọ̀, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún ṣe é. Ẹ má fọwọ́ yọ̀ lórí awọ o, ẹ má sì fún orí ọmú fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ló ń dunni tí ò sì mú nǹkan jáde. Ìṣẹ́jú kan sí méjì àkọ́kọ́ ẹ lè má rí nǹkan kan, ẹ má fi sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ẹ fi síbí gbà á kẹ́ ẹ sì fún ọmọ látinú síbí yẹn náà. Ẹ yí ọwọ́ káàkiri ọmú, torí ibi tẹ́ ẹ bá ń fún nìkan ló máa rọ̀.

Pọ́ńpù náà ní ọjọ́ tiẹ̀. Tí omi bá ti dé dáadáa, tí ọmọ ò bá tíì lè fà, pàápàá ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù, ibẹ̀ ni pọ́ńpù oníná ti ń gbani là, ẹ ó máa fà á tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóòjọ́, títí kan òru, ẹ lè wá fi ọwọ́ fún ìyókù jáde lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ àti pọ́ńpù pa pọ̀ máa ń mú omi jáde ju pọ́ńpù nìkan lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ fẹ́ lò ó, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ti tó, kò sí pé iná lọ kò sí pé bátìrì kú. Àmọ́ èyí olówó pọ́ọ́kú tó ní róbà roboto lẹ́yìn tó dà bíi fèrè kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Omi ọmú máa ń wọ inú róbà yẹn, kò sì ṣeé fọ̀ kó mọ́. Pọ́ńpù tòkunbọ̀ tàbí èyí tí ọ̀rẹ́ lò tẹ́lẹ̀ náà, àwọn kan wà tí omi lè wọnú ẹ́ńjìnì wọn, ẹ ò dẹ̀ lè tú u fọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún. Tí fúnẹ́ẹ̀lì pọ́ńpù, ibi tí wọ́n ń fi bo ọmú yẹn, bá ń ha orí ọmú yín, sáìsì ẹ̀ ni ò bá yín mu, ẹ má rò pé bó ṣe ń dunni nìyẹn.

Èyí tẹ́ ẹ bá fún jáde, tí yàrá bá tutù tó 25°C, wákàtí 4 ló lè lò. Yàrá wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ nìyẹn o, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Fíríìjì lè gbà á ọjọ́ 4, tí iná bá wà ṣá, tí ò bá sí iná, kúlà tí yìnyín wà nínú ẹ̀ lè gbé e tó wákàtí 24.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi nǹkan kún un

Nígbà míì ó máa pọndandan lóòótọ́. Ṣúgà ara ọmọ lọ sílẹ̀, ọmọ fọn jù, ọmọ ò lè fà torí pé oṣù ẹ̀ ò pé. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa fi kún un ni omi ọmú tiyín náà tẹ́ ẹ fi ọwọ́ fún jáde. Tí ìyẹn ò bá tó, tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sì sọ bẹ́ẹ̀, mílíìkì ọmọ inú agolo. Mi ò sí lára àwọn tó máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni pé májèlé ni, àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé òun ló gbé wọn dé ọ̀sẹ̀ kejì. Ìṣòro ẹ̀ ni owó, omi tẹ́ ẹ máa fi pò ó, àti pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fún ọmọ ní agolo, ó yẹ kẹ́ ẹ fún ọmú jáde lásìkò yẹn náà kí ara má baà gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá máa pò ó, ẹ se omi hó, kẹ́ ẹ pò ó kó tó lọ sílẹ̀ ju 70°C lọ torí pé ìyẹ̀fun yẹn kì í ṣe ohun tí kòkòrò ò lè wà nínú ẹ̀, ẹ wá jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó fún ọmọ, ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n tó wà lára agolo, ẹ má fi omi là á kó lè pẹ́, èyí tó bá sì ti ju wákàtí 2 lọ tẹ́ ẹ ti pò ó, ẹ dà á nù.

Omi lásán, omi gúlúkọ́ọ̀sì, àgbo? Rárá, kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní oòrùn mú, òǹgbẹ á máa gbẹ ọmọ. Omi ọmú fúnra ẹ̀, nínú 100, ó tó 87 tó jẹ́ omi, ohun tí ọmọ ń mu fún òǹgbẹ náà ló ń mu fún ebi. Ikùn ọmọ kéré, tẹ́ ẹ bá ti fi omi dí i kò ní fa ọmú, ọmú tí ò bá fà, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ń lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan tẹ́ ẹ bímọ tó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó ní kòkòrò HIV náà lè fọ́mọ lọ́mú tó bá ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, kó ṣáà jẹ́ kí àwọn tó ń fún un lóògùn mọ̀, kó má máa dá agolo pò mọ́ ọn fúnra ẹ̀.

Síbí, ife, fídà

Síbí wà fún ìwọ̀nba tó ń kán lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́yìn ẹ̀, ife kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn oògùn omi, tàbí ife tíì kékeré tó mọ́. Ẹ gbé ọmọ jókòó lórí itan, kí orí ẹ̀ ga, ẹ fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ kí omi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí, òun fúnra ẹ̀ á na ahọ́n jáde á máa lá a. Kò yára o, á dà sára aṣọ, sùúrù ló gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ife yàtọ̀ sí rírọ. Àwọn ìyá wa àgbà mọ ọmọ rọ gan-an, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ yí ẹnu ẹ̀ ká, wọ́n á máa da ẹ̀kọ sí i, ọmọ á sì gbé e mì torí kó lè mí. Omi lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Tẹ́ ẹ bá ní kí ìyá bá yín fi ife fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ ṣe é lójú wọn, ẹ ní "Mọ́mì, nọ́ọ̀sì ní ká má dà á sí i lẹ́nu, ká jẹ́ kó máa lá a," ẹ dì í ru nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ á tètè tán.

Fídà rọrùn, ẹnikẹ́ni nílé ló lè fi fún ọmọ, ìyá á ráyè sùn, mi ò lè sọ pé ìyẹn ò tó nǹkan. Àmọ́ omi ẹ̀ ń ṣàn láìjẹ́ pé ọmọ la ẹnu gbàgà bó ṣe máa ṣe lọ́mú, àwọn ọmọ kan tó bá ti mọ́ wọn lára wọn ò ní fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́mú mọ́. Fífọ̀ ẹ̀ náà ò kéré, ọrùn ìgò, orí róbà, sísè lójoojúmọ́. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ lo ife ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ọmú bá ti dúró dáadáa tẹ́ ẹ sì fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù l'Ókè Ajé, ẹ wá gbé fídà wọlé. Tó bá pọndandan kó tó dìgbà yẹn, orí róbà tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ gbé ìgò yẹn dúbúlẹ̀ gbọọrọ, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ kó sinmi.

Gbígbé ọmọ: orí apá, abẹ́ abíyá, àbí ìdùbúlẹ̀

Gbogbo wa la mọ gbígbé sórí apá, òun ló wà nínú gbogbo fọ́tò, òun ló sì ṣòro jù fún ọmọ tuntun torí orí ẹ̀ ò dúró. Ẹni tí wọ́n ṣe CS fún, ọmọ á máa tẹ ojú abẹ. Abẹ́ abíyá dáa fún irú wọn, ẹ gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni gbé pọ́ọ̀sì há abíyá, ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ yín lọ́rùn ẹ̀, ó dáa fún ọmú ńlá, ó dáa fún ìbejì torí ẹ lè gbé ọ̀kan sọ́tùn-ún ọ̀kan sósì. Ìdùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà fún òru. Tí omi bá ń tú jáde tó ń há ọmọ lọ́fun, ẹ fẹ̀yìn tì kẹ́ ẹ gbé ọmọ lé àyà, kó wà lókè omi.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá yàn, ẹnu ọmọ ló ṣe pàtàkì. Kó la ẹnu gbàgà, kí àgbọ̀n ẹ̀ kan ọmú, kí ètè ìsàlẹ̀ yí síta, kó gba púpọ̀ nínú ibi dúdú yẹn, kì í ṣe orí ọmú nìkan. Kó ta yín díẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ gbá a mú, ìyẹn ṣì wọ́pọ̀, àmọ́ tó bá ń dunni títí ó fi mu tán, tí orí ọmú jáde pẹlẹbẹ lápá kan, ẹ fi ìka ọwọ́ sí igun ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún un gbé. Kò sí ìpara tó máa wo orí ọmú tó bó sàn tí ọmọ bá ṣì ń gbé e bẹ́ẹ̀. Omi ọmú díẹ̀ tẹ́ ẹ fi pa á kó gbẹ fúnra ẹ̀ ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọṣẹ àti Dettol ló ń jẹ́ kó tún gbẹ sí i.

Ọmú tó kún tó le: gbígbóná àbí tútù

Ọjọ́ kẹta ìkẹrin, ọmú lè kún títí á le, á máa dán, ọmọ ò ní rí ibi gbá mú. Nílé wa, táwẹ́ẹ̀lì inú omi gbígbóná ni, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rún un, ìyá ọmọ á máa pariwo. Lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú kí ọmọ tó mu dáa, ó ń jẹ́ kó sọ̀. Rírún un kíkankíkan ló ń dá wàhálà sílẹ̀, ara inú ibẹ̀ ti wú tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá ń dá kún un. Tí ọmọ bá mu tán, tútù ni kẹ́ ẹ fi lé e, aṣọ tẹ́ ẹ fi omi yìnyín rin. Tí ọmọ ò bá rí i gbá mú, ẹ fi ìka tẹ àyíká orí ọmú wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan kó rọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fún díẹ̀ jáde. Díẹ̀ o, kó ṣáà rọ̀, tẹ́ ẹ bá ń fà á gbẹ nígbà gbogbo á máa kún sí i ni.

Ti ẹ̀kọ àti ẹmu: ẹ mu ẹ̀kọ, ẹ jẹ ìkọ̀kọrẹ́ yín, ebi ń pa ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹmu funfun tí wọ́n ní ó ń pe omi ọmú wá yẹn, ọtí inú ẹ̀ gan-an ló máa ń dí omi lọ́wọ́ kó má sọ̀ dáadáa. Ẹ gbé e fún bàbá ọmọ.

Ọjọ́ ìkómọ

Ẹ ò rí ẹni tó máa ń mẹ́nu kàn án, ọjọ́ kẹjọ sì bọ́ sáàárín gbogbo wàhálà yìí. Ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú ò sì mọ àríyá kékeré ṣe, wọ́n á ti ta kánópì láti aago méje, ìyá ọmọ á wọ léèsì tó há láyà, wọ́n á gbé e jókòó síwájú, ọmọ á máa lọ látọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíì, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ọmú ti le bí òkúta, ẹnì kan ti fi fídà pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ní yàrá. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fún omi ọmú jáde láàárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ fi sí kúlà, kí ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán fi ife fún un, àmọ́ ẹ ṣì ní láti wọlé fún ọmú yín jáde lọ́sàn-án yẹn ṣáá. Tàbí kẹ́ ẹ sọ fún ìyá ọkọ ní ọjọ́ tó ṣáájú pé ní wákàtí méjì méjì ẹ ó máa wọlé pẹ̀lú ọmọ, kí wọ́n bá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi fara mọ́ èkejì. Wọ́n máa ń ṣe é dáadáa tó bá jẹ́ pé àwọn lẹ fi ṣọ́ ilẹ̀kùn, kò sí àlejò tó máa kọjá. Kẹ́ ẹ sì rán búláòsì tó ṣeé ṣí níwájú.

Ìyá àgbà, hẹ́lùsẹ́ńtà, àbí ọsibítù ńlá

Ìyá tó ti tọ́ ọmọ márùn-ún mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ, mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó gùnfẹ̀, ó lè gba ọmọ kẹ́ ẹ sùn, ìyẹn ju oògùn lọ. Fún ẹnu ọmọ tí ò gbá ọmú, fún ìwọ̀n ọmọ, hẹ́lùsẹ́ńtà àdúgbò ni, wọ́n ní òṣùwọ̀n, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì jókòó kó wo bí ọmọ ṣe ń mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ má jẹ́ kó kàn fẹnu sọ fún yín. Tí ẹni tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ bá kanra mọ́ yín, ẹ padà lọ lọ́jọ́ tí ẹlòmíì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọsibítù ńlá, ìyẹn State Hospital n'Íjẹ̀bú Òde, OOUTH (ọsibítù Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ) ní Ṣàgámù, tàbí ti Yunifásítì Babcock n'Ílíṣàn, ẹ má kọ́kọ́ yà síbòmíì tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: ọmọ tí ò ṣeé jí láti mu ọmú, ọmọ tí ò tọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ojú tàbí ara tó pọ́n yẹ́lò láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ tàbí tó ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ara tó gbóná tó 38°C tàbí tó tutù jù. Fún ìyá, ibi kan lọ́mú tó pupa tó gbóná pẹ̀lú ibà àti òtútù, tí ò lọ lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ẹ má torí ìyẹn dá ọmú dúró, kí ọmọ máa mu ún lọ, torí tẹ́ ẹ bá dá a dúró lójijì ó lè di oówo. Ẹ mú káàdì ọmọ dání, èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i sí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.